Oògùn kòseémánìí wọ́n ju agbára aláìsàn lọ? Bẹ́ ẹ ṣe máa bi kọ́ńpìnnì tó ń ṣe é léèrè ojúṣe wọn nìyí

Oògùn tó lè gba èèyàn là wà, wọ́n ti ṣe é, wọ́n ti dán an wò, dókítà ti kọ ọ́ sínú ìwé, owó ẹ̀ nìkan ni ò jẹ́ kí aláìsàn rí i lò. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí dọ́kàn, torí kì í ṣe pé ìmọ̀ ò sí, ìmọ̀ wà, ẹnì kan ló wà láàárín ìmọ̀ yẹn àti ẹni tó nílò ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní "kí la fẹ́ ṣe sí i, àwọn ẹni ńlá ni wọ́n", wọ́n á sì gbé e jù sílẹ̀. Ẹ má gbé e jù sílẹ̀ o. Àwọn kọ́ńpìnnì oògùn ní ojúṣe, ojúṣe yẹn wà lákọsílẹ̀, èèyàn lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n ń ṣe é àbí wọn ò ṣe é, kó sì kọ̀wé sí wọn tòun tẹ̀rí. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é ni mo fẹ́ ṣàlàyé, yálà ẹbí aláìsàn ni yín, àbí ẹgbẹ́ àwọn aláìsàn, àbí nọ́ọ̀sì àti apoògùn tó ti sú láti máa wo àwọn èèyàn tí wọ́n ń pa dà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ oògùn yẹn gan-an

Ẹ mú páálí oògùn yẹn dání kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà gadagba sójú páálí, orúkọ ọjà nìyẹn, kọ́ńpìnnì ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun nìkan ló sì ni ín. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ máa rí orúkọ míì tí wọ́n kọ wínníwínní, òun ni orúkọ tí gbogbo dókítà láyé fi mọ oògùn náà. Bí àpẹẹrẹ, tí wọ́n bá kọ Glivec sókè, imatinib lẹ máa rí nísàlẹ̀, oògùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ Sovaldi ló wà lókè, sofosbuvir ló máa wà nísàlẹ̀, ti àrùn mẹ́dọ̀wú C nìyẹn. Orúkọ wínníwínní yẹn lẹ máa lò láti ibí lọ, torí tẹ́ ẹ bá fi orúkọ ọjà wá a, ohun tí kọ́ńpìnnì fẹ́ kẹ́ ẹ rí nìkan lẹ máa rí.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ mílígíráàmù mélòó ni, ṣé oníhóró ni àbí olómi àbí abẹ́rẹ́, kọ́ńpìnnì wo ló ṣe é, ta ló ń tà á (nígbà míì ẹni tó ṣe é kọ́ ló ń tà á), iye tí wọ́n tà á fún yín, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á. Tẹ́ ẹ bá ní rìsíìtì, ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Rìsíìtì tó ní déètì lára lágbára ju ẹ̀dùn ọkàn tí èèyàn kọ sínú lẹ́tà lọ.

Ṣé oògùn kòseémánìí ni?

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn oògùn kòseémánìí sí. 1977 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, ọdún méjì méjì ni wọ́n ń tún un ṣe, oògùn inú ẹ̀ báyìí lé ní 500, àwọn ọmọdé sì ní ìwé tiwọn láti 2007. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tẹ orúkọ wínníwínní yẹn sínú ẹ̀, á sọ fún yín bóyá ó wà níbẹ̀ àti irú àìsàn tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wo ti orílẹ̀-èdè yín náà, torí ọ̀pọ̀ ìjọba ló ní tiwọn.

Kí nìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì? Ohun tí WHO sọ nípa àwọn oògùn yìí ni pé ó yẹ kí wọ́n wà nígbà gbogbo, kí wọ́n pọ̀ tó, kí wọ́n jẹ́ ojúlówó, kó sì jẹ́ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ìlú lápapọ̀ lágbára láti san. Ẹ tún wo nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: tẹ́lẹ̀, tí oògùn bá ti wọ́n jù, wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé yẹn. Ní 2002 ni wọ́n yí i pa dà, wọ́n kó àwọn oògùn HIV wọlé nígbà tí owó wọn ṣì ga, èrò wọn sì ni pé tí oògùn bá ṣe pàtàkì, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, owó ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Nítorí náà tí kọ́ńpìnnì bá sọ fún yín pé oògùn àwọn "kì í ṣe ti gbogbo èèyàn", tí orúkọ ẹ̀ sì wà nínú ìwé yìí, ẹ ti ní èsì lọ́wọ́ nìyẹn. Imatinib wà níbẹ̀ láti 2015, sofosbuvir náà.

Kí ló mú un wọ́n gan-an?

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù nìyí, torí tẹ́ ẹ bá ṣì í mọ̀, ẹ máa béèrè ohun tí kò kàn wọ́n, wọ́n á sì fi ìdáhùn dídùn lé yín lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ pátẹ́ǹtì. Àdéhùn TRIPS ti Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1995, ló ní kí ẹni tó gba pátẹ́ǹtì lórí oògùn nìkan máa ṣe é fún ọdún 20, látọjọ́ tó ti kọ̀wé béèrè. Àmọ́ kò sí pátẹ́ǹtì kan tó kárí ayé o, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní tiẹ̀. Oògùn lè ní pátẹ́ǹtì níbì kan kó má ní níbòmíì, àwọn orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé wọn rẹlẹ̀ jù sì ní àyè láti má ṣe fún oògùn ní pátẹ́ǹtì rárá títí di 2033. Ibi tẹ́ ẹ ti máa wò ó ni MedsPaL, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àjọ Medicines Patent Pool ń bójú tó láti 2016, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ mú orúkọ oògùn, ẹ mú orúkọ orílẹ̀-èdè, á sọ fún yín bóyá pátẹ́ǹtì wà, ọjọ́ tó máa parí, àti bóyá láísẹ́ǹsì, ìwé àṣẹ tí mo máa ṣàlàyé nísàlẹ̀, wà.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ka iye pátẹ́ǹtì tó wà lórí oògùn kan ṣoṣo. Ẹ lè rí i pé ti àkọ́kọ́ ti fẹ́ parí ṣùgbọ́n òmíì wà lẹ́yìn ẹ̀ lórí iyọ̀ tí wọ́n fi pò ó, òmíì lórí bí wọ́n ṣe ṣe hóró ẹ̀, òmíì lórí bí wọ́n ṣe máa lò ó fún ọmọdé, bí wọ́n ṣe ń fa ọdún náà gùn nìyẹn. Ẹ wo bedaquiline, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí oògùn àtijọ́ ò ràn mọ́. Johnson & Johnson ló ni ín, pátẹ́ǹtì àkọ́kọ́ ẹ̀ parí ní oṣù keje 2023, àmọ́ kó tó parí wọ́n ti béèrè òmíì lórí iyọ̀ ẹ̀ ní Íńdíà. Obìnrin méjì tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti bá jà rí, ọ̀kan ará Íńdíà, ìkejì ará Gúúsù Áfíríkà, tí oògùn àtijọ́ yẹn ti ba etí àwọn méjèèjì jẹ́, ni wọ́n kọ̀wé sí ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì Íńdíà ní 2019 pé kí wọ́n má fún wọn. Ní oṣù kẹta 2023 ọ́fíìsì yẹn kọ̀ ọ́ fún kọ́ńpìnnì náà. Ariwo wá pọ̀ káàkiri ayé, nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn Johnson & Johnson fúnra wọn kéde pé àwọn ò ní fi pátẹ́ǹtì yòókù dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní orílẹ̀-èdè 134. Aláìsàn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o, kì í ṣe mínísítà.

Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wò ó tí kò sí pátẹ́ǹtì ńkọ́? Ẹ má pariwo pátẹ́ǹtì nígbà náà. Insulin ni àpẹẹrẹ tó le jù. Àwọn tó ṣàwárí ẹ̀ ní Toronto ta ẹ̀tọ́ wọn fún yunifásítì ibẹ̀ ní dọ́là kan kan ní 1923, kó má bàa sí ẹni tó máa dá a jẹ. Lónìí, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ẹ̀, kọ́ńpìnnì mẹ́ta péré, Novo Nordisk, Eli Lilly àti Sanofi, ló di ibi tó pọ̀ jù nínú ọjà insulin ayé mú. Ohun tẹ́ ẹ máa bi wọ́n níbí yìí yàtọ̀: èló lẹ̀ ń tà á fún ìjọba wa, èló lẹ̀ ń tà á fún ti ẹlòmíì, ṣé ẹ ò ní dá èyí tó wà nínú ìgò dúró torí pé ẹ fẹ́ ta èyí tó dà bíi bírò? Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ìdí ẹ̀ ni pé kọ́ńpìnnì ò tiẹ̀ tíì forúkọ oògùn náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso oògùn lórílẹ̀-èdè yín, torí wọ́n rò pé owó tó máa wọlé níbẹ̀ ò tó nǹkan. Èyí burú lójú tèmi ju owó gọbọi lọ, torí ẹni tó bá tiẹ̀ lówó lọ́wọ́ gan-an ò ní rí i rà. Ẹ bi àjọ yẹn bóyá ó ti wà nínú ìwé wọn.

Ẹ wo láísẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ wo ẹni tí wọ́n yọ sílẹ̀

Láísẹ́ǹsì ni ìwé àṣẹ tí ẹni tó ni pátẹ́ǹtì fi ń gba kọ́ńpìnnì míì láyè láti ṣe oògùn kan náà, kí wọ́n sì tà á ní ẹ̀dínwó. Medicines Patent Pool tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2010 fún iṣẹ́ yìí gan-an. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí kọ́ńpìnnì bá fọkàn ṣe é: ViiV fọwọ́ sí ti dolutegravir, oògùn HIV, ní 2014, nígbà tó fi máa di 2017 wọ́n kéde pé hóró kan tí dolutegravir àti oògùn méjì míì wà nínú ẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 75 lọ́dún fún ẹnì kan, ó sì ti wálẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Tẹ́ ẹ bá ti rí láísẹ́ǹsì, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ wá ojú ìwé tí wọ́n to orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè sí, kẹ́ ẹ wo bóyá tiyín wà níbẹ̀. Nígbà tí Gilead, kọ́ńpìnnì tó ni sofosbuvir, fúnni ní láísẹ́ǹsì ẹ̀ ní 2014, orílẹ̀-èdè 91 ló wà nínú ẹ̀, wọ́n sì yọ ọ̀pọ̀ tí kò lówó púpọ̀ tí kò sì tòṣì jù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àìmọye àwọn tó ní mẹ́dọ̀wú C ló wà níbẹ̀. Malaysia wà lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í múra láti fi agbára ìjọba gba oògùn náà wọlé, lójijì, ní oṣù kẹjọ 2017, Gilead fi orúkọ Malaysia sí i, pẹ̀lú Thailand, Ukraine àti Belarus. Orúkọ orílẹ̀-èdè lè wọ ìwé yẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí i, ẹ rántí ìyẹn tẹ́ ẹ bá ń kọ lẹ́tà yín.

Èyí tó tún wà nílẹ̀ báyìí ni lenacapavir, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ HIV. Gilead náà ló ni ín. Ní oṣù kẹwàá 2024 wọ́n fún kọ́ńpìnnì mẹ́fà ní láísẹ́ǹsì fún orílẹ̀-èdè 120, ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n kéde pé èyí tí àwọn kan nínú àwọn tó gba láísẹ́ǹsì yẹn máa ṣe á jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 40 lọ́dún láti 2027, nígbà tó jẹ́ pé dọ́là tó lé ní 28,000 lọ́dún ni Gilead fi lé tiẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó dáa, mo gbà. Àmọ́ Brazil, Argentina, Mexico àti Peru ò sí nínú 120 yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ibẹ̀ wà lára àwọn tó gbé ara wọn sílẹ̀ kí wọ́n fi dán abẹ́rẹ́ yìí wò. Tẹ́ ẹ bá ń yẹ oògùn kan wò, ẹ máa béèrè ibi tí wọ́n ti dán an wò. Ìlú tó bá ti fi ara àwọn èèyàn ẹ̀ ṣe ìwádìí, kò yẹ kó wà lẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń pín èrè ìwádìí náà.

Fi owó wé owó

Ẹ má kàn sọ pé "ó wọ́n". Ẹ wá iye tí wọ́n ń ta oògùn kan náà fún ìjọba ibòmíì, iye tí àjọ ńlá bíi Global Fund, tó ń gbógun ti HIV, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà, ń rà á, iye tí jẹnẹ́ríìkì ẹ̀ (oògùn kan náà tí kọ́ńpìnnì míì ṣe láìlo orúkọ ọjà yẹn) jẹ́. Health Action International àti WHO ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń wọn bí owó oògùn ṣe ga tó: ẹ wo owó iṣẹ́ ọjọ́ kan tí òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó oṣù ẹ̀ kéré jù ń gbà, kẹ́ ẹ wá ṣírò iye ọjọ́ tó máa fi ṣiṣẹ́ kó tó lè ra oògùn oṣù kan. Ẹ ṣe ìṣirò yẹn fún oògùn yín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá rí i nínú lẹ́tà pé èèyàn máa fi gbogbo owó iṣẹ́ ọjọ́ 40 ra oògùn ọgbọ̀n ọjọ́, kò sí àlàyé tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ojúṣe wo ni wọ́n ní?

Lẹ́tà yín ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀bẹ̀, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìwé tẹ́ ẹ máa tọ́ka sí. Àkọ́kọ́ ni ìlànà tí Paul Hunt, tó jẹ́ aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ sí ìlera nígbà náà, kọ fún àwọn kọ́ńpìnnì oògùn ní 2008. Kókó 47 ló wà nínú ẹ̀: kí wọ́n ní ètò lórí bí oògùn ṣe máa dé ọwọ́ àwọn tí kò lówó, kí wọ́n fi hàn síta, kí wọ́n wo agbára ìlú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ń fowó lé oògùn, kí wọ́n má sì máa ti ìjọba láti gba òfin pátẹ́ǹtì tó le ju TRIPS lọ. Ìkejì ni ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí òwò àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, 2011, tó sọ pé gbogbo ilé iṣẹ́ pátá ló gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, yálà ìjọba ń ṣe tiẹ̀ àbí kò ṣe é. Òótọ́ ni pé ilé ẹjọ́ ò lè fi àwọn ìlànà yìí mú wọn bí ẹni mú olè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ́ńpìnnì ńlá ti kọ ọ́ sórí wẹ́bùsáìtì ara wọn pé àwọn ń tẹ̀ lé ti 2011 yẹn. Ẹ lọ wá ojú ewé yẹn, ẹ da ọ̀rọ̀ wọn kọ bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lẹ máa fi bi wọ́n.

Ìkẹta ni Access to Medicine Index tó ti ń jáde láti 2008, ó máa ń to 20 nínú àwọn kọ́ńpìnnì tó tóbi jù sẹ́sẹ̀ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbìyànjú sí. GSK ló ń gba ipò kìíní títí di 2022, Novartis ló gbà á ní 2024. Ó wúlò gan-an, ẹ ka ojú ewé tó sọ nípa kọ́ńpìnnì yín. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ipò yẹn pa yín lẹ́nu mọ́, torí kọ́ńpìnnì lè ṣe dáadáa lórí oògùn kan kó má ṣe é lórí òmíì. Novartis kan náà ló bá Íńdíà ṣẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ lórí pátẹ́ǹtì Glivec, tí wọ́n fi já wọn kulẹ̀ ní 2013, nígbà tí jẹnẹ́ríìkì ẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tiwọn. Oògùn tó kàn yín ni kẹ́ ẹ béèrè.

Lẹ́tà náà

Kó má gùn ju ojú ewé kan lọ. Èdè tí kọ́ńpìnnì náà ń lò ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà wọn àti ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àǹfààní sí oògùn lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má kọ orúkọ aláìsàn kankan síbẹ̀ àfi tó bá fúnra ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, torí àìsàn èèyàn kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé ń gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ṣe máa rí rèé:

"A kí yín o, ẹ̀yin ọ̀gá àgbà. Ẹgbẹ́ àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn ni wá. Ẹ̀yin lẹ ń ṣe oògùn báyìí báyìí, ó wà nínú ìwé oògùn kòseémánìí ti WHO láti ọdún báyìí. Iye tí a ń rà á lóṣù nìyí, rìsíìtì mẹ́ta la fi sínú lẹ́tà yìí. Òṣìṣẹ́ tí owó ẹ̀ kéré jù níbí máa fi iye ọjọ́ báyìí ṣiṣẹ́ kó tó lè rà á. Iye tí ẹ ń tà á fún orílẹ̀-èdè kejì nìyí. Ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́ sórí wẹ́bùsáìtì yín pé ẹ gbà pé ojúṣe yín ni láti bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Nítorí náà a fẹ́ mọ̀: ṣé ẹ máa dín owó ẹ̀ kù níbí, láti ọjọ́ wo, sí iye wo? Tí ẹ ò bá lè dín in kù, ṣé ẹ máa fi orílẹ̀-èdè wa sínú láísẹ́ǹsì yín? Ọjọ́ wo lẹ máa forúkọ oògùn ti ọmọdé sílẹ̀ níbí? Èló lẹ ná lórí ìwádìí oògùn yìí, èló nínú ẹ̀ ló jẹ́ owó ìjọba? A ń retí ìdáhùn yín láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, a sì ti fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí mínísítà ètò ìlera."

Ẹ rí i pé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ló ní ìdáhùn tó ṣe é dì mú, ọjọ́, iye, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Tẹ́ ẹ bá kọ "ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn wá lọ́wọ́", wọ́n á fi "a bá yín kẹ́dùn" dá yín lóhùn.

Ohun tí wọ́n máa sọ, àti ohun tẹ́ ẹ máa fi fèsì

Wọ́n á ní ìwádìí ná àwọn lówó. Òótọ́ ni pé ìwádìí ń náni lówó, àmọ́ èló? Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Tufts ṣírò ẹ̀ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 2.6 fún oògùn kan, ìwádìí míì tó jáde nínú JAMA, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà, ní 2020 fi í sí mílíọ̀nù 985 ní àárín, ẹ wo bó ṣe jìnnà síra wọn tó, ìdí ẹ̀ sì ni pé àwọn kọ́ńpìnnì kì í ṣí ìwé ìnáwó wọn sílẹ̀. Ìwádìí kan ní 2018 tún fi hàn pé owó ìjọba Amẹ́ríkà wà nínú ìmọ̀ tó gbé gbogbo oògùn tuntun 210 tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ láti 2010 sí 2016 jáde. Nítorí náà ẹ ní kí wọ́n ṣí ìwé. Ìpàdé gbogbogbòò WHO ní 2019 rọ àwọn ìjọba pé kí wọ́n máa fi iye tí wọ́n ń ra oògùn gan-an hàn síta, ẹ lè tọ́ka sí i. Sofosbuvir tí wọ́n fi dọ́là 84,000 lé ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ 12, àwọn olùwádìí ṣírò ẹ̀ pé owó tó máa ná èèyàn láti ṣe é kò ju dọ́là 68 sí 136 lọ.

Wọ́n á ní àwọn ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ wá béèrè títí di ìgbà wo. Ẹ̀bùn tó dáa wà: láti 1987 ni Merck ti ń fi ivermectin ṣọrẹ fún àrùn tó ń fọ́ ojú àwọn tó ń gbé létí odò, ohun tí wọ́n sì ṣèlérí ni pé iye tó bá gbà, fún ìgbà tó bá gbà. Ẹ fi ìlérí yẹn wọn ti kọ́ńpìnnì yín. Èyí tó jẹ́ fún ọdún kan, fún ọsibítù méjì, kì í ṣe ohun tí ẹni tó máa lo oògùn títí ayé lè gbára lé, láísẹ́ǹsì tàbí ẹ̀dínwó tó dúró sójú kan ni kẹ́ ẹ takú sí.

Wọ́n á tún ní owó kọ́ ni ìṣòro, pé dókítà ò tó, ọ̀nà ò dáa. Ibì kan nínú ẹ̀ jóòótọ́. Àmọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa HIV náà nìyẹn ní nǹkan bí 2000, nígbà tí ìtọ́jú ọdún kan lé ní dọ́là 10,000. Ní oṣù kejì 2001 Cipla, kọ́ńpìnnì Íńdíà, sọ fún àjọ Médecins Sans Frontières pé àwọn á tà á ní dọ́là 350. Láti ìgbà yẹn lówó ẹ̀ ti ń já wálẹ̀, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 30 ló sì ń lo oògùn náà lónìí, pẹ̀lú ọ̀nà tí kò dáa yẹn náà.

Tí wọn ò bá dáhùn

Ẹ kọ lẹ́tà kejì, kẹ́ ẹ so ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn míì. Yunifásítì ni wọ́n máa ń gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ oògùn, inú ilé ẹ̀kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Stavudine, oògùn HIV, Yunifásítì Yale ló ni pátẹ́ǹtì ẹ̀ nígbà kan, kọ́ńpìnnì Bristol-Myers Squibb ló sì ń tà á nígbà náà. Ní 2001 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yale dìde, William Prusoff tó wà lára àwọn tó ṣe oògùn náà fúnra ẹ̀ sọ pé òun fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lówó, ní oṣù kẹta kọ́ńpìnnì náà gbà pé àwọn ò ní fi pátẹ́ǹtì dí Gúúsù Áfíríkà lọ́wọ́. Àwọn tó ní ìpín nínú kọ́ńpìnnì náà lágbára, títí kan àwọn àjọ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, ẹ kọ̀wé sí wọn kí ìpàdé ọdọọdún tó dé.

Ìjọba ńkọ́? Ní Doha, ní oṣù kọkànlá 2001, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé fẹnu kò pé bí wọ́n ṣe ń lo TRIPS gbọ́dọ̀ ran ìlera ará ìlú lọ́wọ́. Ìjọba lè fi agbára fún ẹlòmíì ní láísẹ́ǹsì láìjẹ́ pé kọ́ńpìnnì fẹ́, kí wọ́n sì san owó tó tọ́ fún un. Íńdíà ṣe é ní oṣù kẹta 2012 lórí sorafenib, oògùn jẹjẹrẹ ti Bayer: rúpíì bíi 280,000 lóṣù ni Bayer ń tà á, Natco, kọ́ńpìnnì Íńdíà tí wọ́n fún ní láísẹ́ǹsì náà, wá ń tà á ní iye tí kò tó 9,000. Kí Natco tó gba àṣẹ yẹn, wọ́n ti kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ Bayer, Bayer sì ti kọ̀. Ìdí nìyí tí lẹ́tà yín fi ṣe pàtàkì àní tí kọ́ńpìnnì ò bá dáhùn, torí ó wà lákọsílẹ̀ pé àwọn aláìsàn béèrè, wọn ò sì rí nǹkan kan gbà. Kí ẹ̀rù má sì ba ìjọba yín jù: kọ́ńpìnnì 39 pe Gúúsù Áfíríkà lẹ́jọ́ lórí òfin oògùn ẹ̀, wọ́n sì fúnra wọn gbé ẹjọ́ náà kúrò ní oṣù kẹrin 2001 nígbà tí ojú gbogbo ayé wà lára wọn.

Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ lọ́wọ́, kí aláìsàn má dáwọ́ oògùn dúró, kó má sì lọ ra olówó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, ẹ bi apoògùn bóyá jẹnẹ́ríìkì tí àjọ oògùn fọwọ́ sí wà.

Tí kọ́ńpìnnì bá wá sọ pé àwọn gbà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: iye, ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí tó bá máa parí, àti àwọn ilé ìwòsàn tó kàn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí ẹnì kan nínú yín lọ sí fàmásì ọsibítù, kó béèrè oògùn náà, kó wo iye tí wọ́n ń tà á, kó gba rìsíìtì. Tí kò bá bá ohun tí wọ́n kọ mu, ẹ so rìsíìtì tuntun yẹn mọ́ lẹ́tà wọn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ pa dà sí ẹni tó fọwọ́ sí i.